Màmá wa ń lọ sí Mẹ́kà: báwo lẹ ṣe máa ń dágbére fún èèyàn yín?

ỌmọÌtòkú kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta nílé lóko. Àsàlámù àlékùm.

Màmá wa ń lọ ṣe Háàjì lọ́dún yìí, Ọlọ́run ló ṣe é. Owó ti pé, físà ti jáde, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n ti rán aṣọ ìdánimọ̀ tí gbogbo àwọn tó ń lọ láti Ìpínlẹ̀ Ògùn máa wọ̀. Ó ku kí wọ́n pè wọ́n. Ìtòkú ni màmá ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, inú èrè àdìrẹ yẹn náà ni wọ́n ti ń yọ owó Mẹ́kà sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́ bá owó náà, á tún sá síwájú. Ní 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni. Nígbà tó fi máa di 2024, náírà ti já, ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Àwa ọmọ la dá tiwa kún un kó tó délẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí inú wa ṣe dùn tó.

Bí a ṣe máa sìn wọ́n lọ ló wá di wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká háyà bọ́ọ̀sì, ká mú onílù àti àwọn ìyá Àsáláátù dání, kí gbogbo ẹbí wọ aṣọ kan náà, ká tẹ̀ lé wọn dé pápákọ̀ òfurufú n'Ìkejà. Màmá ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n ní pálọ̀ ilé ni ká ti dágbére fún àwọn, kí ẹnì kan gbé àwọn dé ibi tí ọkọ̀ ìjọba yóò ti kó wọn, ó parí.

Èyí tó le jù níbẹ̀ nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, wọ́n pe gbogbo wa jókòó. Wọ́n mú ìwé kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá. Gbogbo ẹni tí wọ́n jẹ lówó àti gbogbo ẹni tó jẹ wọ́n lówó, orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ọmọ mi ni wọ́n ní kó bá àwọn kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo kà á tán, wọ́n wá ní: “Bí Ọlọ́run bá pè mí níbẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú pé ẹ fẹ́ gbé òkú mi wálé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa sin mí sí, mo sì fara mọ́ ọn.”

Àbúrò mi obìnrin fọwọ́ di etí. Ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ìyá òun, ó dìde, ó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí màmá bá ti pè é, á ní òun wà níbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin èèyàn lọ rí, kí lẹ ṣe? Kí lẹ sọ fún wọn? Báwo sì ni mo ṣe máa gbé àbúrò mi padà wá sílé kó tó pẹ́ jù?

Bàbá_Asero:

Ẹ kú oríire o. Tèmi ni pé ẹ̀gbọ́n yín ò ṣìwí. Ìyá tó fi aró rírẹ tọ́ ọmọ, tó wá fẹ́ lọ fojú kan Kábà, ṣé jẹ́jẹ́ lèèyàn ń sin irú wọn? Nílé wa, tìlù tìfọn ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ̀ pé Ọlọ́run ṣe é.

Àlàájà_Kémta:

Ọmọ mi, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú oríire. Ọlọ́run á gba Háàjì wọn.

Bàbá Asero, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí, torí mo ti lọ. Ọjọ́ ìgbéra kì í ṣe ọjọ́ tèèyàn ń dágbére. Wọ́n lè pe èèyàn láàárọ̀ pé kó ti délẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Wọ́n sì lè pè é, kó débẹ̀, kí wọ́n tún ní bàálù ti sún síwájú di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá dé ibùdó Háàjì, ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti máa wò wọ́n. Ẹni tó ń lọ wà lórí ìlà: wọ́n ń yẹ páásípọ́ọ̀tù wò, wọ́n ń wọn báàgì, wọ́n ń pín dọ́là tí wọ́n máa ná lọ́hùn-ún. Orúkọ ara ẹ̀ ló ń fetí sí kí wọ́n má baà pè é kọjá. Ìwọ wá ń pariwo “Màmá! Màmá!” láti ẹ̀yìn irin, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ẹ. Mo rí àwọn tó ti Abẹ́òkúta wá, tí wọ́n jókòó sínú oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí wọn ò rí ẹni tí wọ́n wá sìn sójú.

Ilé ni kí ẹ ti dágbére. Màmá yín mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ti ìwé gbèsè yẹn, ẹ bá mi kí wọn gan-an. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí èèyàn tó lọ síwájú Ọlọ́run, á kọ́kọ́ lọ síwájú àwọn èèyàn. Nígbà tó kan èmi, ọjà Kútọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀: “Mò ń lọ sí Mẹ́kà o, ẹ forí jì mí, ohun tí mo mọ̀ àti èyí tí mi ò mọ̀.” Ó ku obìnrin kan tí a jọ pín ògiri ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ibi téèyàn ń gbé ẹrù kọjá ló dá ìjà sílẹ̀, a ò kí ara wa mọ́, ó ti pẹ́. Mo dúró níwájú ìsọ̀ ẹ̀. Ó ń wọn ata gbígbẹ fún oníbàárà, ó rí mi, ó ń wọn ata ẹ̀ lọ. Oníbàárà sanwó, ó lọ. Obìnrin yẹn nu ọwọ́ ẹ̀ sí ìró, ó ní: “Ṣé ọ̀rọ̀ Mẹ́kà yẹn lẹ bá wá? Mo ti ń retí yín láti àná.” A di mọ́ ara wa. Ó ki owó kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun fi ṣe sàárà níwájú Ànọ́bì. Ohun tí mo rántí jù nínú gbogbo ìdágbére mi nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn ká Ìtòkú. Kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ tẹ̀ lé wọn.

Aláṣọ_Sápọ́n:

Ìbéèrè kékeré. Ṣé láti ilé ni màmá máa ti wọ aṣọ funfun, àbí ọ̀hún ni?

Ústáàsì_Ọbántókò:

Wa alékùmù sàlámù o. Màá kọ́kọ́ dá Aláṣọ_Sápọ́n lóhùn, torí ó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú lọ́jọ́ ìgbéra. Ó kù sí ibi tí bàálù wọn bá kọ́kọ́ bà sí. Bó bá jẹ́ Mọ̀dínà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, kò sí ohun tó kan hárámì, ìyẹn aṣọ àti ipò ìjọsìn Háàjì, ní Nàìjíríà. Tí wọ́n bá ń kúrò ní Mọ̀dínà lọ sí Mẹ́kà ni wọ́n máa gbé e wọ̀ ní Dhul-Hulayfah, ibi tí wọ́n ń pè ní Abyar Ali. Bó bá jẹ́ Jẹ́dà ni wọ́n ń bà sí tààrà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti múra kí bàálù tó kọjá ààlà ibi tí a ti ń gbé hárámì wọ̀. Ọkùnrin ló ni aṣọ méjì tí a ò gún lábẹ́rẹ́. Obìnrin, aṣọ tó bá bò ó dáadáa ti tó, funfun kì í ṣe dandan. Kó má ṣáà fi níkáàbù bojú, kó má sì wọ ìbọ̀wọ́.

Ó wá ku ti ìwọ ọmọ Ìtòkú. Ọ̀rọ̀ ikú tí màmá sọ yẹn kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Wásíyà ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ sílẹ̀ de ikú. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, sọ pé kò tọ́ fún Mùsùlùmí tó ní ohun kan tó fẹ́ sọ sílẹ̀ láti sun oorun alẹ́ méjì láìjẹ́ pé wásíyà rẹ̀ wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó jókòó sílé gan-an la sọ bẹ́ẹ̀ fún, áńbọ̀sì ẹni tó ń rìnrìn àjò. Sọ fún àbúrò rẹ pé ìyá rẹ̀ ò pe ikú. Ilé ló ń tún ṣe kó tó jáde.

Ohun tí ẹ máa sọ fún wọn tún wà, ó kúrú, ó sì jìn. Ẹni tó dúró sílé á sọ fún ẹni tó ń lọ pé: *Astawdi'ullaaha diinaki wa amaanataki wa khawaatiima amaliki.* “Mo fi ẹ̀sìn yín, àmáná yín àti ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ yín sọ́wọ́ Ọlọ́run.” Obìnrin la ń sọ “ki” fún bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ni “ka”. Ẹni tó ń lọ náà á dá wọn lóhùn pé òun fi wọ́n sọ́wọ́ Ọlọ́run tí ohun tí a bá fi sọ́wọ́ rẹ̀ kì í sọnù. Ẹ wò ó, tọ̀tún tòsì ń fi ara wọn pamọ́ sọ́wọ́ Ẹnì kan náà. Ẹ kọ́ gbogbo ọmọ ilé, títí kan àwọn kéékèèké, kí kálukú lè di ọwọ́ màmá mú kó sọ ọ́.

Ẹkún ńkọ́? Ẹ sunkún bó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànọ́bì ń kú lọ, Ànọ́bì sunkún, ó ní ojú ń da omi, ọkàn ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá wu Olúwa wa nìkan la ó sọ. Ìlù àti aṣọ ẹbí ni mi ò rí ibi tí mo máa fi sí. Àlùkùráánì sọ nípa Háàjì gan-an, nínú Sùúrà Bákárà, ẹsẹ 197, pé èsè ìrìn àjò tó dára jù lọ ni ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Owó bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ fi ṣe sàárà.

Bàbá_Asero:

Ústáàsì, ẹ ṣeun, mo gbà ti àdúà yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ti ìlù, mi ò tíì gbà. Àwọn ìyá Àsáláátù wa, Ọlọ́run ni wọ́n ń fi wákà yìn. Ìyá mi lọ nígbà tí mo ṣì kéré, wákà tí àwọn obìnrin kọ láti ilé wa dé ojú títì ṣì wà létí mi dòní. Ẹ má gba gbogbo ayọ̀ kúrò níbẹ̀.

Àlàájà_Kémta:

Bàbá Asero, a lè ṣe é báyìí: kí àwọn ìyá Àsáláátù wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, kí wọ́n kọ wákà wọn, kí wọ́n jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ, kí àwọn Àfáà ṣàdúà. Kí ọjọ́ ìgbéra wá jẹ́ ti ilé nìkan. Wákà pálọ̀ kò kúkú ní kí ọkọ̀ ó já èèyàn sílẹ̀.

Ọmọ_Adatan:

Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, àmọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò yín yẹn ló mú mi jókòó.

Bàbá mi lọ ní 2019. Wọ́n ṣe Àráfà, wọ́n sùn ní Musdalífà, wọ́n sọ òkò lu òpó Ṣàìtánì. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni àìsàn gbé wọn ní Mẹ́kà. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá ló pè wá lórí fóònù láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, wọ́n ti kírun sí wọn lára, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹni tó bá ti lọ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kírun ọ̀ranyàn tán níbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n má tún pe ìrun òkú. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn tí kò mọ bàbá mi rí ló dúró lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ náà. Mo máa ń rò ó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Bàbá mi náà pè wá jókòó kí wọ́n tó lọ. Gbogbo ohun tí màmá yín sọ náà ni wọ́n sọ, wọ́n ní ká má da ara wa láàmú. A ò lè sọ pé inú wa dùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi gan-an ní kí wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpè yẹn dé, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà nílé wa. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ jẹ́ ká wá owó gbé òkú. Kò sẹ́ni tó wá sọ pé bàbá jẹ òun, tí a ò mọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan tilẹ̀ fẹ́ bínú pé báwo la ṣe máa fi bàbá sílẹ̀ nílẹ̀ onílẹ̀. A ní wọ́n ti sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé a ò ní sàréè tí a lè lọ dúró sí. Kò sí òkúta olórúkọ níbẹ̀. Bí Iléyá bá dé, tí àwọn yòókù ń lọ ṣàdúà níbi sàréè bàbá wọn, ó máa ń ṣe mí bákan. Mi ò ní í parọ́ fún yín pé kì í ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo di ọwọ́ bàbá mi mú kí wọ́n tó lọ, mo gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n gbọ́. Ẹ bá mi bẹ àbúrò yín kó lọ gbọ́ ti ìyá ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń lọ, ọ̀pọ̀ ń bọ̀ layọ̀, màmá yín náà á bọ̀ layọ̀. Àmọ́ kó lọ.

Àlàájà_Kémta:

Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Ústáàsì_Ọbántókò:

Àmín. Ọmọ_Adatan, ọkùnrin kan jábọ́ lórí ràkúnmí ní Àráfà lójú ayé Ànọ́bì, ó kú sínú hárámì rẹ̀. Ànọ́bì ní kí wọ́n fi aṣọ méjèèjì yẹn náà dì í, kí wọ́n má bo orí ẹ̀, torí ó máa jí dìde lọ́jọ́ Àlùkìyáámà tòun ti “Labbayka” lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Ìlewó:

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tèmi wọlé, torí ìtọ́jú wà lára ìdágbére.

Bí màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ ra oògùn tó máa tó wọn lọ, tó máa tó wọn bọ̀, kó sì ṣẹ́kù. Kó wà nínú páálí ẹ̀ gan-an, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú ẹ̀, kí ti ọjọ́ díẹ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, torí báàgì ńlá lè sọnù. Tramadol, kódíìnì àti gbogbo irú ẹ̀, kó má sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀ràn oògùn olóró ní Sáúdí, ọ̀ràn ikú ni. Ẹ wo àpò yẹn fúnra yín, ẹ tì í pa fúnra yín. Bí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá wọn, bá ní kí wọ́n bá òun fún ẹnì kan ní páálí kékeré lọ́hùn-ún, kí wọ́n ní àwọn ò gbà á. Obì náà, kí wọ́n fi sílé.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yírùnyírùn gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ yẹ ọjọ́ tó wà lórí káàdì wò.

Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ oòrùn pẹ̀lú. Ní 2024, ooru lé ní 51 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ní Mẹ́kà, àwọn tó kú lé ní 1,300. Agboòrùn, omi nígbà gbogbo kódà bí òùngbẹ ò gbẹ wọ́n, bàtà tó rọ̀ tó sì ti bá ẹsẹ̀ wọn mu tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tí kò lágbára lè yan ẹlòmíì láti bá a sọ òkò. Àwọn ìyá wa máa ń rò pé bí àwọn ò bá fi ara ni ara, Háàjì àwọn ò pé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àna_Láfẹ́ńwá:

Ìyàwó mi ni ìyá rẹ̀ ń lọ lọ́dún yìí, bíi ti ỌmọÌtòkú. Kìrìsìtẹ́nì lèmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti so wá pọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣàdúà ìdágbére ní Jímọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ tàbí kí n fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bíi pé mo wá dí wọn lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí màmá rò pé inú mi ò dùn.

Àlàájà_Kémta:

Ọkọ wa, ẹ lọ o! Ẹ jókòó síwájú. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè, ẹ gbé tiyín náà, ẹ sọ ti ẹnu yín fún Ọlọ́run. Ìlú wa yìí, ta ni kò ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú ilé kan náà? Bí ẹ bá tún lè jẹ́ ẹni tó máa wakọ̀ gbé màmá lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń kó wọn, ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ròyìn yín fún àwọn tí wọ́n jọ wà nínú bàálù.

Àna_Láfẹ́ńwá:

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Màá wakọ̀.

ỌmọẸ̀gbá_Toronto:

Èmi ò sí nílé. Orí WhatsApp ni mo ti dágbére fún ìyá mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí àbúrò mi gbé fóònù náà síwájú wọn nígbà tí wọ́n ń di ẹrù. A ò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó dùn mọ́ mi ju bí àdúà ẹ̀rọ tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé ọjà ránṣẹ́ sí wọn. Góòlù, jàlàmíà, tẹ̀sùbáà ẹgbẹ́ yín ní ibi iṣẹ́. Ìjọsìn ni wọ́n bá lọ. Omi Sámúsámù lítà márùn-ún tí wọ́n máa ń fún arìnrìn àjò kọ̀ọ̀kan ti tó ẹ̀bùn fún gbogbo wa.

ÌyáÌbejì_Panṣẹ́kẹ:

Ẹ ṣé é tí ẹ dárúkọ dídi ẹrù. Báàgì gbogbo wọn, ọ̀kan náà ni: àwọ̀ kan, ìwọ̀n kan. Ìtòkú lẹ kúkú ti ń ta àdìrẹ. Ẹ gé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, èyí tí àwòrán orí ẹ̀ ṣe ketekete, kó má jẹ́ aláró dúdú tán. Ẹ so ó mọ́ ọwọ́ báàgì ní kókó méjì, ẹ rán an mọ́ra pẹ̀lú òwú kó má tú. Ẹ tún so irú ẹ̀ kékeré mọ́ okùn káàdì ọrùn wọn. Bí ojú màmá bá ti ri àdìrẹ ọwọ́ ara wọn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún báàgì, wọ́n ti dé ilé. Ìyá mi ò mọ̀wé, òun ló fi mọ tiẹ̀.

Káàdì Nusuk, ìyẹn káàdì ìdánimọ̀ Háàjì tí Sáúdí bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2024, kí wọ́n má bọ́ ọ lọ́rùn rárá. Láìsí i, wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n wọ àwọn ibi mímọ́.

ỌmọÌtòkú:

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Màmá ti gbéra. Mọ̀dínà ni wọ́n kọ́kọ́ bà sí, wọ́n ti pè wá.

Mo ka gbogbo ohun tí Ọmọ_Adatan kọ sétí àbúrò mi. Mi ò fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí n dúró, òun ń bọ̀. Nígbà tó dé, ìyá wa ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí àdìrẹ kan lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ò bi í níbi tó ti ń bọ̀. Wọ́n ní, “Bá mi di etí aṣọ yìí mú.” Ó dì í mú. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń fi fa ẹ̀kọ náà, láti ibi tí wọ́n wà títí dé ibi tí òun wà. Nígbà tí wọ́n dé ọwọ́ ẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ tún un sọ, mo ti fẹ́ gbọ́.” Wọ́n tún un sọ látòkèdélẹ̀: owó tí wọ́n jẹ, owó tí wọ́n jẹ wọ́n, ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, ẹni tí a gbọ́dọ̀ máa fún ní owó oúnjẹ lóṣooṣù, ohun tí a máa ṣe bí Ọlọ́run bá pè wọ́n. Ẹkún ló ń sun, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà nígbà tó gbọ́ ti ẹ̀yìn irin ní ibùdó. Àwọn ìyá Àsáláátù wá ní Jímọ̀, wọ́n kọ wákà, àdúgbò gbọ̀n. Bàbá Asero, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín, torí màmá fi ìdùnnú jó.

Ní ọjọ́ ìgbéra, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n pè, wọ́n ní kí wọ́n dé kó tó di aago méjì. Ẹ wò ó bí Àlàájà ṣe sọ ọ́ náà ni. Kálukú di ọwọ́ màmá mú, ó sọ àdúà Ústáàsì. Ọmọ mi tó kéré jù ṣì í pè, ó sọ “ka” dípò “ki”, màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọlọ́run gbọ́. Àbúrò mi ló wakọ̀ gbé wọn lọ. Òun nìkan. Ó ní wọn ò sọ nǹkan púpọ̀ lọ́nà, màmá kàn fọwọ́ lé e léjìká títí wọ́n fi débẹ̀.

Ọmọ_Adatan:

Alhamdulillah. Ẹ kí i fún mi.

Aláṣọ_Sápọ́n:

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀nà, ẹ gbà mí. Ìyá mi náà ń fẹ́ lọ, àmọ́ kò sí bí mo ṣe lè rí gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ọ̀nà wà tí èèyàn fi lè máa san án díẹ̀díẹ̀?

ÌyáÌbejì_Panṣẹ́kẹ:

Ó wà. NAHCON, ìyẹn àjọ Háàjì ìjọba àpapọ̀, dá ètò ìfowópamọ́ Háàjì sílẹ̀ ní 2020 pẹ̀lú Jaiz Bank. Ẹ máa san iye tí agbára yín bá ká síbẹ̀ títí yóò fi pé. Ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì àjọ arìnrìn àjò Mùsùlùmí Ìpínlẹ̀ Ògùn, tàbí ní báǹkì náà. Orúkọ ìyá yín bó ṣe wà lórí NIN wọn ni kí ẹ lò, ẹ gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ má sì san án fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Aláṣọ_Sápọ́n:

Ẹ ṣeun, mà. Ní ọjọ́ Ajé màá lọ.